Àlejò fẹ́ tọ́ ẹmu wò ní ìdí ọ̀pẹ lẹ́bàá Abẹ́òkúta: báwo la ṣe máa tò ó?

Ọmọ_Ìbarà

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo kí yín o. Àlejò mẹ́rin ń bọ̀ wá bá wa lóṣù Kejìlá, Cape Town ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń lọ tọ́ wáìnì wò ní Stellenbosch, ìlú oníwáìnì tó wà lẹ́bàá Cape Town: wọ́n á jókòó sídìí tábìlì, ife márùn-ún tàbí mẹ́fà á wà níwájú wọn, díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń bù ú á máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pọn ọ́n, garawa tí wọ́n ń tu èyí tí wọn ò fẹ́ gbé mì sí á sì wà nítòsí. Wọ́n ní ká bá àwọn ṣe irú ẹ̀ níbí, àmọ́ ẹmu ni kó jẹ́.

Ìbéèrè mi rèé: ibo ni ká mú wọn lọ, aago mélòó, ẹmu oríṣi mélòó? Báwo la ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ti bomi là? Ṣé ó lè dé Èkó láìbàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dá wa lóhùn.

Onígbà_Ọ̀dẹ̀dá

Ẹ kú ìmúra àlejò. Aago ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ibi tí ẹ máa lọ á tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni adẹ́mu ń gun ọ̀pẹ. Ti àárọ̀, ó sábà máa ń ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ti ìrọ̀lẹ́, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni. Èyí tó kán mọ́jú ló máa ń pọ̀, òun sì ni kẹ́ ẹ lọ bá. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kí ẹsẹ̀ yín ti wà lábẹ́ ọ̀pẹ, kí àwọn àlejò rí bó ṣe ń fi igbà gùn ún, bó ṣe ń gé e, bó ṣe ń gbé e sọ̀. Bí ẹ bá jẹun kẹ́ ẹ tó gbéra, tí ẹ débẹ̀ ní mọ́kànlá, ẹmu inú kéègì ti di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, Abẹ́òkúta ni kí wọ́n sùn mọ́jú. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ láàárọ̀ kò lè bá a.

Ibi tí ẹ máa lọ: ẹ gba ọ̀nà Ìbàdàn, láti Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, tàbí kẹ́ ẹ yà sí apá Alábàtà. Ọ̀nà Ayétòrò náà dára, téèyàn bá ti kọjá Làfẹ́ńwá. Ẹ lọ bá adẹ́mu náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ bi í pé ṣé ọ̀pẹ tó wà lórí ìdúró ló ń dá àbí èyí tí wọ́n gé lulẹ̀, ọ̀pẹ mélòó ló ń gùn láàárọ̀, àti pé akèrègbè ló fi ń gba ẹmu àbí kéègì. Ìbéèrè ọ̀pẹ mélòó yẹn ṣe pàtàkì, nítorí gbogbo rẹ̀ ni adẹ́mu máa ń dà pọ̀ sínú kéègì ńlá kan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má da ti ọ̀pẹ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn àlejò lè tọ́ ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Wọ́n á rí i pé ọ̀pẹ méjì tó dúró sínú oko kan náà kì í dùn bákan náà.

Ohun tó tún yẹ kí wọ́n fojú rí ni ojú ibi tó gé. Akọ òdòdó ni adẹ́mu ń dá, èyí tí kì í di ẹyìn. Á gé imọ̀ tó dí i lọ́nà kúrò, á ṣí èèpo tó bo òdòdó náà, á wá fá orí rẹ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ibẹ̀ ni omi á ti máa kán gba inú ọparun kékeré bọ́ sínú kéègì. Gbogbo ìgbà tó bá gùn ún ló gbọ́dọ̀ tún un fá, torí ojú egbò máa ń gbẹ, ó sì máa ń dí. Ọwọ́ tó wúwo ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: ẹni tó ń gé e nípọn á ti gé òdòdó náà tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ ní kí Bàbá adẹ́mu bá yín mú èyí tó fá sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá nà án sókè sí oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá bá a lókè, ẹ kí i pé “Igbà á rọ̀ o!” Ẹ má dúró sábẹ́ ọ̀pẹ gan-an, torí ọ̀bẹ lè yọ bọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan igbà tó wà nílẹ̀ láìtọrọ àyè. Ẹ̀mí rẹ̀ ló so mọ́ ọn.

Kẹ́míìsì_Aṣẹ́rò

Ọ̀rọ̀ aago tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, ẹ mú un dání. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán lára ọ̀pẹ mọ́ gaara. Ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di funfun. Ṣúgà tó wà nínú 100 mìlílítà omi yẹn máa ń tó gíráàmù 10 sí 12. Ìwúkàrà á máa jẹ ṣúgà náà, á máa sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń mú un hó. Wákàtí tó fi rọ̀ sórí ọ̀pẹ mọ́jú ti tó kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹmu aago méje àárọ̀ ti ní ọtí díẹ̀ nínú. Bó bá fi máa pé ọjọ́ kan, ọtí inú rẹ̀ lè wọ ìdá 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn kíkan á gbà á, títí á fi di fínígà.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí wáìnì nìyẹn. Pinotage, irú èso àjàrà tí wọ́n pilẹ̀ ní Stellenbosch lọ́dún 1925, wáìnì rẹ̀ tó dára lè wà nínú ìgò fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò máa ń fi ọdún wé ọdún. Ẹ̀yin, wákàtí ni kẹ́ ẹ fi wé wákàtí. Ife mẹ́rin tó, 40 mìlílítà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní: ẹmu àárọ̀ yẹn láti inú kéègì tuntun tí wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn dáadáa kí wọ́n tó gbé e kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kí wọ́n má fi ọṣẹ olóòórùn fọ̀ ọ́, ike máa ń fa òórùn mọ́ra. Èkejì: ẹmu àárọ̀ kan náà, láti ara ọ̀pẹ tó wà nítòsí, àmọ́ akèrègbè àtijọ́ tí Bàbá ń lò lójoojúmọ́ ni kó wà. Ìwúkàrà ti sá pamọ́ sínú ara akèrègbè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹmu ò ní tíì kán tán tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ náà lẹ́nu lójú ẹsẹ̀: èkíní dùn, ó fẹ́lẹ́; èkejì ti ń ta ahọ́n. Ẹ̀kẹta: ẹmu ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹ̀kẹrin: ẹmu àárọ̀ àná, tó ti le, tó sì ti ń kan díẹ̀. Èyí tó dùn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnu tí èyí tó le bá ti gbà kò ní gbọ́ òórùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ti àkọ́kọ́ mọ́.

Gíláàsì ni kẹ́ ẹ lò kí ojú lè rí àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń hó. Igbá dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mu tiwọn gan-an. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó yí ká gbogbo ẹnu kí wọ́n tó gbé e mì. Omi lásán àti iṣu sísun tí kò ní epo, tí kò níyọ̀ ni kí wọ́n fi máa fọ ẹnu láàárín ife kan sí èkejì. Ẹran oníata, ẹ jẹ́ kó di ìgbẹ̀yìn. Kí ẹnikẹ́ni má fín lọ́fíndà: ó ń bo òórùn ẹmu, oyin tó sì máa ń wà nídìí ẹmu kì í fi olóòórùn sílẹ̀.

Ìyá_Akùrọ̀

Ẹ ti gbàgbé ògùrọ̀ ni? Ẹni tó tọ́ ẹmu ọ̀pẹ wò tí kò tọ́ ògùrọ̀ wò, ìdajì ló ṣe.

Igi ògùrọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pẹ. Inú àbàtà àti etí odò ló ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, tó bá ti yọ ọ́ tán, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí òdòdó náà jáde ni adẹ́mu ń dá orí rẹ̀, á sì máa ṣàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, igi kan, ìgbà kan. Ọ̀pẹ tí wọ́n dá akọ òdòdó rẹ̀ lórí ìdúró ní tirẹ̀ á tún yọ òmíràn. Ẹ sọ èyí fún àwọn àlejò yín, torí ó wà lára ohun tí wọ́n ń mu. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń gbin òmíràn dípò èyí tó dá. Èmi ò ní ra lọ́wọ́ ẹni tí kò bá gbìn.

Lẹ́nu, ògùrọ̀ fúyẹ́ ju ẹmu ọ̀pẹ lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife èkíní, kí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Bí ẹ bá gbé ògùrọ̀ àárọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹmu àná, ẹ ò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Àkùrọ̀ lẹ máa wọ̀, nítorí náà bàtà róbà tó gùn dé orókùn ni kí wọ́n wọ̀, kí wọ́n má wọ sálúbàtà.

Ọmọ_Ìbarà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ títu sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Ní Stellenbosch kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ṣé Bàbá ò ní rò pé wọ́n ń tẹ́ńbẹ́lú ẹmu òun?

Àgbà_Òkè-Ọnà

Ọmọ mi, ó máa dùn ún bí wọ́n bá tu ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ẹ ti sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ tí ẹ lọ bá a pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, kí ọtí má bàa pa wọ́n títí dìgbà tí wọ́n bá tọ́ gbogbo rẹ̀ wò tán. Kẹ́ ẹ gbé ike kékeré tó ní ìdérí dání, kí wọ́n máa tu ú síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kí wọ́n má tu ú sí ìdí ọ̀pẹ.

Bó bá sì jẹ́ ìwọ̀n tí Kẹ́míìsì sọ ni, títu ò tiẹ̀ pọn dandan. Ife mẹ́rin jẹ́ 160 mìlílítà. Ká ní ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí tó wọnú ara kò tó ìdá mẹ́rin èyí tó wà nínú ìgò bíà ńlá kan.

Ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò. Ẹ jẹ́ kí Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bu ti yín. Bó bá ta díẹ̀ sílẹ̀ kó tó mu, ẹ dákẹ́ kó ṣe é tán. Kí ẹnikẹ́ni má gbé kámẹ́rà sí i lójú láìtọrọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi gba ife. Àgbà kọ́kọ́, ọmọdé tẹ̀lé e, bí àlejò yín ò tilẹ̀ mọ̀, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Ará_Pánsẹ́kẹ̀

Ṣé gbogbo wàhálà yìí pọn dandan? Ilé ẹmu wà káàkiri ìlú. Ẹ jókòó sí ọ̀kan lábẹ́ igi, kí wọ́n gbé ẹmu wá, kí wọ́n dín ẹja, ó parí.

Kẹ́míìsì_Aṣẹ́rò

@Ará_Pánsẹ́kẹ̀, fún ìgbafẹ́, ó dára. Fún ìtọ́wò, ẹ ò ní mọ ìgbà tí wọ́n gbé e sọ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tó wọnú rẹ̀ lọ́nà. Púpọ̀ nínú ẹmu tó ń wọ ìlú ni wọ́n ti bomi là, tí wọ́n sì fi sákárínì dá adùn padà sí i.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ bù ú sínú gíláàsì, kẹ́ ẹ wò ó. Ẹmu tó wà láàyè á máa gbé afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè láìdáwọ́ dúró, ìfófò rẹ̀ á sì dì mọ́ ara gíláàsì. Èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, ìfófò rẹ̀ á yára túká, bí ẹ bá sì gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òkè rẹ̀ á mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì lọ sísàlẹ̀. Ti sákárínì rọrùn ju ìyẹn lọ. Ìwúkàrà kò lè jẹ sákárínì. Ẹ bu ife kan pamọ́ sínú ooru fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tún un tọ́ wò. Ti gidi, adùn rẹ̀ á ti dín kù bí kíkan àti ọtí ṣe ń wọlé. Ti sákárínì, ó ti ń kan, síbẹ̀ adùn rẹ̀ ò kúrò, ìkorò kan á sì jókòó sẹ́yìn ahọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì.

Kẹ́ ẹ tó mu èyíkéyìí, asẹ́ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi sẹ́ ẹ. Oyin àti èèrà inú rẹ̀ kò fi hàn pé ó burú, ṣùgbọ́n oyin tó kù sínú ife lè ta ètè.

Nọ́ọ̀sì_Ìdí-Àbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àlejò ní ìbéèrè mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nínú wọn? Ẹmu àárọ̀ tó dùn yẹn kún fún ṣúgà, ó léwu fún un. Ta ló ń lo oògùn? Ẹni tó ń lo Flagyl kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí èyíkéyìí, oríṣi ẹmu yòówù kó jẹ́. Ṣé aboyún wà láàárín wọn? Kó má mu. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá ẹmu pàdé rí, kó mọ̀ pé ìwúkàrà tó wà láàyè lè mú inú rẹ̀ rú. Kí onítọ̀hún jẹun díẹ̀ kó tó débẹ̀, kó má sì kọjá ife mẹ́rin wẹ́wẹ́ yẹn.

Ẹlòmíràn á fẹ́ fi ògógóró parí ìtọ́wò, torí ara ẹmu náà ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Mi ò gbà á nímọ̀ràn fún àlejò. Lọ́dún 2015, ògógóró tí mẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, wọ inú rẹ̀ pa èèyàn ní ìpínlẹ̀ Òǹdó àti ní Rivers. Mẹtanọ́ọ̀lù kò ní òórùn tí ẹ fi máa dá a mọ̀, kò sì sí bí ahọ́n ṣe máa yà á sọ́tọ̀.

Awakọ̀_Kútọ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kù. Bí àwọn àlejò bá gba ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Làdèrín ni wọ́n máa sọ̀. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí wọ́n dé. Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni kí wọ́n gun Olúmọ, ẹ má fi sí ẹ̀yìn ẹmu. Àpáta yẹn ń yọ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì há láwọn ibì kan. Lẹ́yìn ìdí ọ̀pẹ, tí ẹ bá fi máa di aago mẹ́sàn-án ẹ ti parí, ẹ lè mú wọn lọ sí Ìtòkú lọ wo àdìrẹ. Ẹ háyà ọkọ̀ tòun ti awakọ̀ fún gbogbo òwúrọ̀ yẹn, kí awakọ̀ náà má sì tọ́ ohunkóhun wò. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà lẹ máa gbà wọnú oko, òfin kan náà ló de ọlọ́kadà.

Nípa gbígbé ẹmu lọ sí Èkó: ó ṣeé ṣe, bó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa mu ún. Ẹ fi ike gbé e, ẹ má fi ìgò gíláàsì gbé e. Ẹ bù ú dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kẹ́ ẹ dé e ní ìdajì kí afẹ́fẹ́ máa rọ́nà jáde, kẹ́ ẹ tì í sínú kúlà tí yìnyín kún. Ẹ gbé e dúró, ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀. Ike tí wọ́n bá dé pinpin nínú bọ́ọ̀tù gbígbóná á bẹ́ kí ẹ tó dé Ṣágámù. Òtútù kì í dá iṣẹ́ ìwúkàrà dúró pátápátá, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni.

Kẹ́míìsì_Aṣẹ́rò

Ẹ jẹ́ n fi kún ti Awakọ̀. Kí wọ́n má ronú àtigbé ẹmu tútù wọ ọkọ̀ òfuurufú, á bẹ́ sínú ẹrù wọn. Bí wọ́n bá ń fẹ́ èyí tí wọ́n máa gbé padà sí Cape Town, ẹmu inú ìgò, èyí tí wọ́n ti fi ooru sè, ni kí wọ́n wá. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba méjì, FIIRO tó wà ní Òṣòdì àti NIFOR tó wà lẹ́bàá Benin, ti ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á sì fi ooru tó tó nǹkan bí 70 dígíríì pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Á pẹ́, kò sì ní bẹ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á yí padà, á máa rùn bí ohun tí wọ́n sè. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. Bí ẹ bá bu ife kan nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tútù lọ́jọ́ ìtọ́wò, ó máa yé wọn dáadáa.

Ọmọ_Ìbarà

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Oṣù Kejìlá tí wọ́n ń bọ̀ yìí, ọyẹ́ lè ti dé. Ṣé ó máa ba ẹmu jẹ́? Báwo la ṣe máa sanwó fún Bàbá?

Onígbà_Ọ̀dẹ̀dá

Ọyẹ́ dára fún yín. Òtútù òwúrọ̀ máa ń mú kí ẹmu pẹ́ kó tó le, ife èkíní yín á dùn ju ti ìgbà ooru lọ. Ara ọ̀pẹ gbẹ, gígùn rẹ̀ ò yọ̀ bíi ti ìgbà òjò. Òjò kì í sì í kán wọnú kéègì. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún wọn, aago mẹ́fà ààbọ̀ nínú oko tutù.

Ní ti owó, ọ̀tọ̀ ni owó ẹmu, ọ̀tọ̀ ni owó àkókò rẹ̀. Ẹ fi lítà dá iye ẹmu lé, kẹ́ ẹ wá fún un ní owó ìjókòó fún wákàtí méjì tí kò fi ní lọ sí ìdí ọ̀pẹ tó kù. Ẹ bá a ṣe àdéhùn méjèèjì ní ọjọ́ tí ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ sì san ìdajì sílẹ̀. Kéègì tuntun tí Kẹ́míìsì ní kẹ́ ẹ gbé kọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ rà á, lítà márùn-ún tó. Ẹ gbé e fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí aago mẹ́rin tó lù. Bó bá ti gun ọ̀pẹ ìrọ̀lẹ́ tán kẹ́ ẹ tó dé, akèrègbè rẹ̀ ló máa kọ́ síbẹ̀ mọ́jú, ẹ ò sì ní rí ife èkíní yẹn.